Ọkọ̀ Tí Kò Dún

Bámiṣẹ́ kì í ṣe odi o. Ẹ béèrè ní gáréèjì Èrúwà, wọn á sọ fún yín pé awakọ̀ yẹn lè bá èrò mẹ́rin sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, kó tún bá ẹni tó ń kọjá lójú títì ṣàwàdà, kó má sì já sí kòtò. Ṣùgbọ́n bí aago méjì ọ̀sán bá ti lù, tí Àràmídé tó jẹ́ tíṣà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Èrúwà bá ti ṣílẹ̀kùn iwájú, tó jókòó, tó ní, "Ẹ káàsán o," ahọ́n Bámiṣẹ́ á ká jọ. Á ní, "Ẹ káàsán, Tíṣà." Ó parí nìyẹn. Títí wọn á fi dé Lánlátẹ̀, níbi tí Àràmídé ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, kò ní sọ nǹkan mìíràn mọ́.

Ọdún kan àbọ̀ ló ti ń gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ọdún kan àbọ̀ ló ti ń fẹ́ sọ fún un pé òun fẹ́ fi í ṣe aya. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni, kì í ṣe ọmọdé. Ìfẹ́ obìnrin yìí ń jẹ ẹ́ lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tí ilé-ìwé kò sí, aago méjì ọ̀sán máa ń dùn ún.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló dá wàhálà sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, Àràmídé wà níwájú nínú ọkọ̀ Kàrínà Bámiṣẹ́, ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà ní Ayétẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bámiṣẹ́ tẹ́tí. Kò yẹ kí awakọ̀ máa tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ èrò, àmọ́ ta ni kì í ṣe é nínú wọn? Ó gbọ́ tí Àràmídé rẹ́rìn-ín, tó ní, "Ọkọ̀ yìí ò dún. Mo ní kò dún rárá, àfi bí ẹni pé mi ò wọ ọkọ̀!"

Ẹ jẹ́ kí n la ọ̀rọ̀ yìí fún yín, kí ẹ má baà bá Bámiṣẹ́ ṣìnà. Ọmọ mẹ́rìnléláàádọ́rin ló wà ní kíláàsì Àràmídé. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ti ń ké, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá àga, tí wọ́n ń fẹjọ́ ara wọn sùn. Bí ó bá sì jáde síta, gbogbo ọkọ̀ tó ń ná ọ̀nà Lánlátẹ̀ ló ní ohun tó ń lu gbàgà-gbàgà lára wọn. Kàrínà Bámiṣẹ́ nìkan ló dákẹ́. Ọkùnrin náà kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì kan tú lára rẹ̀. Ìyìn ni Àràmídé ń yin ọkọ̀ náà. Àmọ́ ẹnu tó bá ní agogo ò dún ń bú agogo, ẹnu tó bá ní ilẹ̀kùn ò dún ń yin ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ ló wá há sáàárín agogo àti ilẹ̀kùn. Bámiṣẹ́, orí agogo lòun gbé ọ̀rọ̀ náà kà.

Ó sì nídìí. Tàófíìk, awakọ̀ kékeré kan tí kò tíì hu irùngbọ̀n tó ṣeé fá, ti gbé ẹ̀rọ orin ńlá sínú ọkọ̀ tirẹ̀ lóṣù tó kọjá, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga sì ń já ìjókòó gbà níbẹ̀. "Áà," ni Bámiṣẹ́ wí nínú ara rẹ̀. "Nítorí èyí ni! Rédíò tó bá ọkọ̀ mi wá láti ilé iṣẹ́ ló ń dójú tì mí."

Lọ́jọ́ kejì, ó kó owó tó fi pamọ́ fún táyà, ó gba Igbó-Ọrà lọ, lọ́dọ̀ Japheth tó ń tún rédíò ọkọ̀ ṣe.

Japheth fi ìka kan rédíò inú Kàrínà náà. "Ẹ̀gbọ́n, rédíò yín ò burú o. Mi ò ní yọ ọ́. Wáyà tó ń gbé ohùn lọ sí sípíkà ẹ̀yìn ni ma fà, ma gbà á gba inú àpótí kékeré yìí kí ohùn náà lè rọlẹ̀, lẹ́yìn náà ni á wọ anpilifáyà tó ń gbé ohùn ga, anpilifáyà á wá gbé e fún wúfà, sípíkà ńlá tó ń lu ìró ìsàlẹ̀, nínú búùtù."

"Ẹ máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ẹ tó gbé e ga?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Bíi ti olóṣèlú," ni Bámiṣẹ́ wí. Ẹ ò rí i pé ọkùnrin náà lẹ́nu?

"Ìbéèrè kan ni mo ní," ni Japheth wí. "Ṣé ẹ fẹ́ kó dún ni, àbí ẹ fẹ́ kó dùn?"

"Ṣé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà ni?"

Ọdún mẹ́wàá ni Japheth ti ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí. Ó wo oníbàárà rẹ̀, ó mú sukudíráfà.

Ó fa wáyà pupa tó nípọn bí ìka ọwọ́ láti orí bátìrì, ó gbà á gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì dé ẹ̀yìn. Ó fi fíúsì há a lọ́nà. Ó ha ọ̀dà kúrò lára irin búùtù títí irin fi ń dán, ó de wáyà dúdú mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni òun àti Bámiṣẹ́ gbé àpótí wúfà wọlé. Àpótí náà gba búùtù tán pátápátá, kódà sípánà kan kò lè bá a gbé ibẹ̀. Nígbà tí Japheth tan orin, Bámiṣẹ́ kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan gbá òun láyà. Adìyẹ Japheth tó wà lábẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ dìde, kò sì padà wá títí wọ́n fi ṣe tán. Inú Bámiṣẹ́ dùn dé èékánná.

"Ẹ má máa lò ó bí ẹ́ńjìnnì ò bá ṣiṣẹ́ o," ni Japheth kígbe. "Bátìrì á kú!"

Ẹni tí etí rẹ̀ ń hó kò gbọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, aago méjì lù. Àràmídé ṣílẹ̀kùn, ó jókòó. Bámiṣẹ́ dúró kó di bẹ́líìtì rẹ̀ tán, ó fi ìka kan tẹ bọ́tìnnì. Gbì! Obìnrin náà fọwọ́ lé àyà. Bámiṣẹ́ rí i, ọkàn tirẹ̀ náà fò: ó ti wọ̀ ọ́ láyà! Kí wọ́n tó dé ibi tí ilé ti ń tán, Àràmídé ti fi ọwọ́ kejì di etí, ó sì ń kígbe, "Ó ń dùn mí! Ẹ jọ̀ọ́, ó ń dùn mí!"

Wúfà gbé "mí" náà mì. Ohun tó kù tó dé etí Bámiṣẹ́ ni "ó ń dùn, ẹ jọ̀ọ́, ó ń dùn." Ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó, ó sì fi kún un.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Àràmídé wọ ọ̀kadà. Lọ́jọ́rú, ó tún wọ ọ̀kadà. Ó jókòó sẹ́yìn ọlọ́kadà pẹ̀lú àpò ìwé láyà, ó sì kọjá lára Kàrínà láìbojú wo ẹ̀yìn. Bámiṣẹ́ rò ó títí. Ibi tí ìrònú rẹ̀ gbé e dé ni pé ohùn náà kò tíì tó.

Àwọn oníbàárà rẹ̀ mìíràn náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sílẹ̀. Ìyá Purity tó máa ń gbé àpò gààrì mẹ́ta wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọọjọ́ ọjà ṣí búùtù, ó bá wúfà níbẹ̀, ó ní, "Bámiṣẹ́, kí ni mo fẹ́ gbé gààrì mi lé, orí ẹ?" Ó bá Tàjùdéèn lọ, awakọ̀ mìíràn tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ ń lu gbàgà-gbàgà, tí búùtù rẹ̀ sì ṣófo.

Èyí tó burú jù ni ti àwọn ọmọ ilé-ìwé Àràmídé, tí ọkọ̀ náà ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá jìnnà sí ọkọ̀ tó ní wúfà kì í gbọ́ orin. Ìró ìsàlẹ̀ nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tó ń lọ sókè, tó ń bọ̀ nílẹ̀. Ọmọ Yorùbá wo ló wá máa gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ tí kò ní fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu? Orin tí Bámiṣẹ́ fẹ́ràn jù a máa lu báyìí: gbí-gbi-gbí, gbì gbí-gbì-gbí. Kí ó tó di ọ̀sán Ọjọ́rú, gbogbo ọmọ kíláàsì Àràmídé ti mọ ohun tí ọkọ̀ náà ń wí: "Bámiṣẹ́, kò níyàwó! Bámiṣẹ́, kò níyàwó!" Ọkọ̀ ò tíì yọ lójú ọ̀nà tí wọn á ti máa gbè é lẹ́nu fèrèsé. Ó di dandan kí tíṣà wọn fi igi lu tábìlì.

Bámiṣẹ́ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Ìtìjú mú un débi pé ó fẹ́ wọ inú búùtù lọ, àmọ́ kò sí àyè níbẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, Ọ̀gá Adéwùmí, ọ̀gá ilé-ìwé náà, wọ ọkọ̀ rẹ̀ nítorí kò rí òmíràn. Òun ló sọ̀rọ̀ náà, ó ń kígbe bí ẹni tó wà lódìkejì odò: "Wọ́n ti gbé Àràmídé kúrò lọ́dọ̀ wa o! Ayétẹ̀ ló ń lọ! Láti ọjọ́ Ajé!"

Bámiṣẹ́ pa rédíò. "Ọjọ́ Ajé wo?"

"Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí. Ọ̀la ló máa lò kẹ́yìn."

Oorun tí Bámiṣẹ́ sùn mọ́jú ọjọ́ Ẹtì kò tó ohun tí à ń sọ. Ó ní ọjọ́ kan péré. Bí Àràmídé bá lọ láìgbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu òun, ó ti bọ́ nìyẹn, Ayétẹ̀ kò sì ṣaláìní ọkùnrin tó lẹ́nu. Ní aago méjìlá ọ̀sán, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. Ó pa ẹ́ńjìnnì nítorí epo, ó tan orin, ó yí i dé òpin. Ó rò pé bí ọ̀rọ̀ ò bá lè jáde lẹ́nu òun, kí ọkọ̀ jẹ́ kó mọ̀ pé òun ń dúró. Wákàtí méjì gbáko ni wúfà fi ń mu bátìrì bí ọmọ aláìníyàá.

Aago méjì lù. Àràmídé jáde pẹ̀lú páálí ìwé méjì àti ìkòkò òdòdó kan tí àwọn ọmọ fún un. Kò sí ọ̀kadà tó lè gbé ẹrù yẹn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo Kàrínà náà bí ẹni tó ń wo abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ó wá bu òwú nínú àpò ọwọ́ rẹ̀, ó fi di etí méjèèjì, ó sì wọlé.

Kọ́kọ́rọ́ kọ́kọ́ kọ̀, ẹ́ńjìnnì sín, ó tún sín, kó tó dìde. Wọ́n gbéra. Bámiṣẹ́ ń wo òwú náà láti igun ojú, ó ń bẹ̀rù pé etí ń ro obìnrin náà. Ó fẹ́ béèrè, ahọ́n ká jọ. Ó bá fi kún ohùn orin.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé Lánlátẹ̀ nígbà tí agbo ewúrẹ́ kan ya bo títì. Bámiṣẹ́ tẹ bíréèkì, ẹ́ńjìnnì kú. Orin náà fà á lọ sílẹ̀, ó fà á, ó sì dákẹ́. Ó yí kọ́kọ́rọ́: kẹ́. Ó tún un yí: kẹ́. Ó tẹ fèrè, fèrè ò dáhùn.

Ewúrẹ́ lọ tán. Wọ́n jókòó. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lórí oko àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹyẹ kan sì ń ké lọ́ọ̀ọ́kán. Àràmídé yọ òwú kan, ó tẹ́tí sílẹ̀, ó yọ èkejì.

"Kí lẹ gbọ́?" ló bi í.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Tíṣà."

"Ohun tí mo ń tìtorí rẹ̀ wọ ọkọ̀ yín láti ọdún kan àbọ̀ nìyẹn." Ó mí kanlẹ̀. "Ibí nìkan ni orí mi ti ń balẹ̀ kí n tó délé. Ta ló ní kí ẹ lọ gbé ẹranko yìí sínú búùtù?"

"Ẹ̀yin náà ni," ni Bámiṣẹ́ wí. "Ẹ ní ọkọ̀ mi ò dún."

Àràmídé káwọ́ lórí. "Mo ń yìn ín ni! Mo ń yìn ín fún ẹ̀gbọ́n mi!"

Bámiṣẹ́ gbé orí lé ìdarí ọkọ̀. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi. Ó rántí owó táyà, ó rántí adìyẹ Japheth, ó rántí bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó lọ́jọ́ Ajé nígbà tí obìnrin yìí ń di etí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àràmídé wò ó. Ẹ̀rín fẹ́ gbọ̀n ọ́n, àánú sì tún ṣe é.

"Ó dáa," ló wí. "Bàbá mi wa lọ́rì oníṣu kó tó kú, ó sì kọ́ mi. Ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ máa tì í. Èmi á di ìdarí mú, ma fi í sí jíà kejì."

Bámiṣẹ́ bọ́ sẹ́yìn, ó fi èjìká ti búùtù. Ọkọ̀ náà wúwo, wúfà ti sọ ọ́ di méjì. Bí ó ṣe ń tì í, ó rí ohun kan tí kò rí rí: kò rí ojú Àràmídé, Àràmídé kò sì rí tirẹ̀. Búùtù nìkan ló wà níwájú rẹ̀. Ó rọrùn láti bá búùtù sọ̀rọ̀.

"Tíṣà," ló wí jẹ́jẹ́, "mo fẹ́ fẹ́ yín."

"Kí lẹ wí?" Àràmídé yọ orí sí fèrèsé. "Ṣé kí n fi kúlọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ni?"

"Rárá! Mo ní..." Ó tì í síwájú. Èémí ń já a. Bí kò bá sọ ọ́ báyìí, ó di ìgbà wo? Ó fi gbogbo agbára tó kù nínú rẹ̀ pariwo: "Tíṣà, mo ní mo fẹ́ fẹ́ yín! Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ fẹ́ yín!"

Àṣé àwọn obìnrin márùn-ún kan wà lábẹ́ igi káṣú lápá ọ̀tún, tí wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Ọ̀bẹ dúró. Àgbà inú wọn gbé ojú sókè.

"Ẹ̀yin wo?" ló bi í. "Gbogbo wa?"

"Èmi ti lọ́kọ o!" ni ìkejì wí.

"Ẹ jẹ́ kó ṣàlàyé ná," ni ìkẹta wí, ó ń tún gèlè rẹ̀ wé. "Ọlọ́kọ̀ ni."

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ igi káṣú. Bámiṣẹ́, ẹni tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé, ẹni tí kò jẹ́ sọ "ìwọ" sí tíṣà láéláé, rí i pé ọ̀wọ̀ ti fẹ́ sọ òun di ọkọ obìnrin mẹ́fà. Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó dojú kọ búùtù, ó sì sọ ọ̀wọ̀ nù.

"Àràmídé!" Kò pe orúkọ yẹn síta rí. Ó gbóná lẹ́nu rẹ̀. "Ìwọ ni! Ìwọ nìkan ṣoṣo! Mo fẹ́ fẹ́ ọ!"

Níwájú, ẹsẹ̀ Àràmídé já kúrò lórí kúlọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ fò, ó wúkọ́ èéfín dúdú sójú Bámiṣẹ́, ẹ́ńjìnnì sì ké. Bámiṣẹ́ ṣubú, ó dojú bolẹ̀. Nígbà tó fi nu ojú tán, Kàrínà rẹ̀ ti ń lọ, ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sì jọ pé ó fẹ́ dúró.

"Ó gbé ọkọ̀ ẹ lọ o!" ni àwọn ẹlẹ́ẹ̀gẹ́ ń kígbe. "Sáré! Sáré, ọkọ ìyàwó!"

Ó sáré. Bàtà ẹsẹ̀ kan bọ́ lọ́nà, kò padà mú un. Ó sáré kọjá ilé-ìjọsìn, ó sáré kọjá ibi tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́, títí ó fi rí ọkọ̀ rẹ̀ níwájú ilé kan ní ẹnu ìlú Lánlátẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, tí Àràmídé sì ti ń sọ páálí ìwé kalẹ̀.

"Ẹ ò... dúró," ló lè sọ.

"Bí mo bá dúró, tó tún kú, ṣé èmi ni ma tì í?" ni Àràmídé wí. Kò wo ojú rẹ̀. Ó wọlé lọ.

Ìyá rẹ̀ wà lójúde, ó ń sá èlùbọ́ sórí ẹní. Ó wo ọkùnrin tó dúró síwájú rẹ̀: èéfín lójú, bàtà lẹ́sẹ̀ kan, aṣọ tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Bámiṣẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ ǹlẹ́ o," ni ìyá náà wí. "Kí lẹ bá wá?"

Bámiṣẹ́ la ẹnu. Èémí nìkan ló jáde. Ó tún un là, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Ó nàka sí ẹnu ọ̀nà ilé, ó fọwọ́ lé àyà, ó tún nàka.

"Àràmídé!" ni ìyá náà pè. "Ṣé ọkùnrin yìí kì í sọ̀rọ̀ ni?"

Àràmídé jáde pẹ̀lú ife omi tútù. Ó kúnlẹ̀ lórúnkún kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Bámiṣẹ́ bí ìyàwó ṣe ń gbé omi fún ọkọ, ó sì dúró níbẹ̀ títí ó fi gbà á.

"Ó ti sọ ọ́, Màmá," ló wí. "Àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́nà ti gbọ́, èmi náà sì ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kó mu omi ná."